Karl Schwarzschild

Karl Schwarzschild (9 Oṣù Kẹwàá 1873 – 11 Oṣù Karùn-ún 1916) jẹ́ atòràwọ̀ àti onímọ̀ físíksì ọmọ orílẹ̀-èdè Jámánì. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó rí ojútùú pípéye sí àwọn ìdọ́gba tí Albert Einstein fi ṣàlàyé òòfà nínú tíọ́rì rẹlatífítì gbogbogbò. Inú ojútùú yìí ni ìwọ̀n kan ti jáde tí a ń pè ní rédíọ́sì Schwarzschild lónìí. Ìwọ̀n náà ń sọ bí nǹkan ṣe gbọ́dọ̀ kéré tó kí ìmọ́lẹ̀ pàápàá má lè jáde kúrò nínú rẹ̀ mọ́. Òun ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ bí ihò dúdú ṣe tóbi tó, títí kan àwọn ihò dúdú arabaríbí tí ó wà ní àárín àwọn gálásì, ìyẹn àwọn agbo ìràwọ̀ ńláńlá inú àgbáálá ayé.

Schwarzschild ṣe ìṣirò náà nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ogun nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ó kú ní ẹni ọdún 42, kò sì tó oṣù márùn-ún sí ìgbà tí ó fi ìṣirò náà ránṣẹ́ sí Einstein. Kò gbọ́ orúkọ náà ihò dúdú rí. Ohun tí ó rí nínú ìṣirò tirẹ̀ ni pé ìràwọ̀ tí ó dúró ṣinṣin kò lè fún pọ̀ dé ìwọ̀n tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Ó gba àwọn onímọ̀ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́.

Ìbí àti ìgbà èwe

Wọ́n bí Schwarzschild ní ìlú Frankfurt am Main, sínú ẹbí Júù kan tí ìran wọn ti ń gbé ìlú náà láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Moses Martin Schwarzschild ni bàbá rẹ̀, Henrietta Sabel sì ni ìyá rẹ̀. Oníṣòwò tí ó rí ọwọ́ họrí ni bàbá náà. Karl ni àkọ́bí wọn. Alfred, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò rẹ̀, di ayàwòrán. Ní èdè Jámánì, ìtumọ̀ orúkọ ẹbí wọn ni asà dúdú. Orúkọ náà ti wà tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ihò dúdú, nítorí náà ìbápàdé lásán ni ìjọra àwọn orúkọ méjèèjì.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àwọn Júù ni Karl lọ títí ó fi di ọmọ ọdún 11, lẹ́yìn èyí ni ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà ní Frankfurt. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ẹbí náà tí ọkàn rẹ̀ fà sí sáyẹ́ǹsì. Ó ń tọ́jú owó tí àwọn òbí rẹ̀ ń fún un láti fi ra dígí, kí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan awò tí ó lè fi wo ìràwọ̀. Bàbá rẹ̀ fi í mọ ọ̀rẹ́ kan, Theobald Epstein, olùkọ́ tí ó ní ibùdó ìwòràwọ̀ tirẹ̀. Paul, ọmọ Epstein, di ọ̀rẹ́ Karl, òun náà sì di onímọ̀ ìṣirò nígbẹ̀yìn. Nínú ilé yìí ni Karl ti kọ́ bí a ṣe ń lo awò ìwòràwọ̀, tí ó sì kọ́ ìṣirò tí ó kọjá ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó kọ àwọn ìwé ìwádìí rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó dá lórí ipa ọ̀nà tí ìràwọ̀ méjì ń tọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yí ara wọn ká. Ìwé ìròyìn àwọn atòràwọ̀ Jámánì tẹ̀ wọ́n jáde.

Ẹ̀kọ́ gíga àti iṣẹ́ àkọ́kọ́

Schwarzschild wọ Yunifásítì Strasbourg ní ọdún 1891. Lẹ́yìn ọdún méjì ó lọ sí Yunifásítì Munich, níbi tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1896 lábẹ́ Hugo von Seeliger. Iṣẹ́ tí ó fi gba oyè náà dá lórí tíọ́rì Henri Poincaré nípa ìrísí àwọn nǹkan tí ń yí lójú kan.

Ní ọdún kan náà ó di igbákejì ní ibùdó ìwòràwọ̀ Kuffner ní ìlú Vienna. Títí di ìgbà náà, ojú ni ọ̀pọ̀ atòràwọ̀ fi ń díwọ̀n bí ìràwọ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó, ojú méjì kì í sì í sábà fẹnu kò lórí ìràwọ̀ kan. Schwarzschild gbé ìdíwọ̀n náà lé àwo fọ́tò lórí. Ó rí i pé bí ìmọ́lẹ̀ bá dín kù sí ìdajì, kò tó kí a kàn fi ìlọ́po méjì àkókò san án padà, nítorí àwo náà kì í dúdú tó bí a ti retí. Ó wá òfin tí a lè fi ṣe àtúnṣe, òfin náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní láàárín àwọn onímọ̀ fọ́tò.

Ó padà sí Munich ní ọdún 1899. Ní ọdún 1900, ó béèrè nínú ìwé kan bóyá ààyè tí àwọn ìràwọ̀ wà nínú rẹ̀ tẹ́jú tàbí ó tẹ̀. Ó fi ohun tí a mọ̀ nípa ọ̀nà jíjìn àwọn ìràwọ̀ ṣírò pé bí ààyè bá tẹ̀, títẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n báyìí lọ. Ọdún 15 kù kí Einstein tó parí tíọ́rì rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí tíọ́rì náà dé, kì í ṣe àjèjì èrò ni ó bá Schwarzschild.

Göttingen

Ní ọdún 1901, kò tíì pé ẹni ọdún 28 nígbà tí wọ́n fi í ṣe olórí ibùdó ìwòràwọ̀ Göttingen, ipò tí Carl Friedrich Gauss ti wà rí. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì ìlú náà, ó sì bá David Hilbert àti Hermann Minkowski ṣiṣẹ́ pọ̀. Mẹ́ta nínú àwọn iṣẹ́ tí ó ṣe ní àkókò yìí tún padà wọ inú ọ̀rọ̀ àwọn ihò dúdú lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ lórí agbára tí ìmọ́lẹ̀ ní láti ti nǹkan. Ní ọdún 1901 ó ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ Òòrùn ṣe lè ti eruku wẹ́wẹ́ tí ó wà nínú ìrù kọ́mẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn. Èkejì ni ìwé rẹ̀ ti ọdún 1906, níbi tí ó ti fi hàn pé ní òde ara Òòrùn, ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gbé ooru jáde láti ìsàlẹ̀ wá sí òkè, kì í ṣe gáàsì tí ń hó bí omi inú ìkòkò. Ẹ̀kẹta ni ìwádìí rẹ̀ ti ọdún 1907 lórí ìrìn àwọn ìràwọ̀. Àwọn onímọ̀ mìíràn rò pé ọ̀wọ́ ìràwọ̀ méjì ni ó ń gba inú ara wọn kọjá. Schwarzschild fi hàn pé ọ̀wọ́ kan ṣoṣo tó láti ṣàlàyé ohun tí a rí, bí a bá gbà pé eré àwọn ìràwọ̀ náà pọ̀ ní ìhà kan ju ìhà kejì lọ.

Yàtọ̀ sí èyí, ó kọ ìwé mẹ́ta ní ọdún 1905 lórí àbùkù tí ń bẹ nínú àwọn awò ìwòràwọ̀ àti bí a ṣe lè fi dígí méjì ṣe awò tí kò ní irú àbùkù bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kan náà ó lọ sí Àlgéríà láti wo Òòrùn nígbà tí òṣùpá bò ó lójú.

Potsdam

Ní Oṣù Kẹwàá ọdún 1909 ó gbé Else Rosenbach níyàwó, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ abẹ ní Göttingen. Kí ọdún náà tó parí ni ó kó lọ sí Potsdam, lẹ́bàá Berlin, gẹ́gẹ́ bí olórí ibùdó ìwádìí físíksì ìràwọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Kò sí ipò tí ó ga ju èyí lọ fún atòràwọ̀ ní Jámánì nígbà náà. Nígbà tí kọ́mẹ́ẹ̀tì Halley kọjá ní ọdún 1910, ó fi àwọn fọ́tò rẹ̀ ṣe ìwádìí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pín káàkiri inú ìrù rẹ̀. Akadẹ́mì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì ti Prúsíà gbà á wọlé ní ọdún 1912. Ó bí ọmọ mẹ́ta: Agathe, Martin àti Alfred.

Ojú ogun àti ìwé méjì lórí òòfà

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1914, Schwarzschild ti pé ẹni 40 ọdún, ó sì ní ìyàwó àti ọmọ kéékèèké nílé. Kò sí ẹni tí ó pè é, ṣùgbọ́n ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ogun. Wọ́n kọ́kọ́ fi í sí ibùdó ìwádìí ojú ọjọ́ ní Namur ní Bẹ́ljíọ̀m. Lẹ́yìn náà ó bá àwọn ọmọ ogun tí ń yin àgbá ṣiṣẹ́ ní Fáránsé àti ní ojú ogun Rọ́ṣíà, níbi tí ó ti ń ṣírò ọ̀nà tí ọta àgbá ń gbà lójú òfurufú.

Ní 18 Oṣù Kọkànlá 1915, Einstein fi ìwé kan síwájú Akadẹ́mì ní Berlin. Ó ti pẹ́ tí àwọn atòràwọ̀ ti mọ̀ pé ipa ọ̀nà plánẹ́ẹ̀tì Mẹ́rkúríù yíká Òòrùn ń yí díẹ̀díẹ̀, àti pé díẹ̀ nínú yíyí náà kò bá òfin Isaac Newton mu. Einstein fi tíọ́rì tuntun rẹ̀ ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹ́ kù náà. Gẹ́gẹ́ bí tíọ́rì yìí, nǹkan tí ó wúwo ń tẹ ààyè àti àkókò tí ó yí i ká. Ọ̀nà títẹ̀ yìí ni àwọn nǹkan mìíràn ń tọ̀, tí ó fi dà bí ẹni pé nǹkan kan ń fà wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ìdọ́gba náà le tó bẹ́ẹ̀ tí Einstein fi lo ìṣirò ìfojúdá, kò sì retí pé ẹnikẹ́ni yóò tètè rí ojútùú pípéye.

Ìwé náà dé ọwọ́ Schwarzschild níbi tí ó wà lójú ogun. Kò ju bí oṣù kan lọ lẹ́yìn náà, ní 22 Oṣù Kejìlá 1915, ó kọ lẹ́tà sí Einstein láti sọ pé òun ti rí ojútùú pípéye. Ó ti mú ọ̀ràn tí ó rọrùn jù lọ: nǹkan kan ṣoṣo tí ó rí róbótó, tí kò yí lójú kan, tí kò sì sí nǹkan mìíràn ní àyíká rẹ̀. Èsì Mẹ́rkúríù tí Einstein rí nípa ìfojúdá jáde láti inú ojútùú náà láìsí ìfojúdá kankan. Einstein gbé ìwé náà síwájú Akadẹ́mì ní 13 Oṣù Kìíní 1916. Ní Oṣù Kejì ọdún kan náà, Akadẹ́mì gba ìwé kejì láti ọwọ́ Schwarzschild, èyí tí ó sọ̀rọ̀ nípa inú nǹkan náà fúnra rẹ̀. Johannes Droste, akẹ́kọ̀ọ́ ará Nẹ́dálándì, rí ojútùú kan náà láàyè ara rẹ̀ ní ọdún 1916, ṣùgbọ́n Schwarzschild ni ó ṣáájú.

Ohun tí ìṣirò náà sọ

Nínú ojútùú Schwarzschild, ìwọ̀n kan wà tí ó sinmi lé bí nǹkan ṣe wúwo tó nìkan. Bí ìwúwo bá di ìlọ́po méjì, ìwọ̀n náà yóò di ìlọ́po méjì. A lè fojú inú wò ó bí òbìrìkìtì kan. Rédíọ́sì ni a ń pe ọ̀nà tí ó wà láti àárín rẹ̀ dé etí. Fún Òòrùn, rédíọ́sì yìí jẹ́ kìlómítà 3, bẹ́ẹ̀ sì ni Òòrùn gan-an jẹ́ nǹkan bí 700,000 kìlómítà láti àárín dé etí. Fún Ayé, kò tó sẹ̀ǹtímítà kan. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí a bá lè fún gbogbo Òòrùn pọ̀ títí yóò fi wọ inú òbìrìkìtì kìlómítà 3 yìí, ohunkóhun tí ó bá wà nínú rẹ̀ kò ní lè jáde mọ́.

Schwarzschild fúnra rẹ̀ ṣírò ìwọ̀n ti Òòrùn, ṣùgbọ́n kò tú u sí ihò dúdú. Nínú ìwé kejì ó mú ìràwọ̀ kan tí gbogbo inú rẹ̀ ki bákan náà, ó sì rí i pé kí ìràwọ̀ náà tó fún pọ̀ dé ìwọ̀n yẹn, agbára tí inú rẹ̀ fi ń ti ara rẹ̀ kí ó má baà wó yóò ti di èyí tí kò lópin. Nítorí náà ìwọ̀n yìí dà bí ibi tí nǹkan kò lè dé. Ìṣirò náà kò ní àṣìṣe fún ìràwọ̀ tí ó dúró ṣinṣin. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ni ìràwọ̀ tí kò lè dúró mọ́, tí ó ń wó lọ sínú ara rẹ̀.

Àìsàn àti ikú

Nígbà tí Schwarzschild wà lójú ogun ni pemphigus kọlù ú. Àìsàn awọ ara ni èyí, nínú èyí tí agbára tí ara fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ yí padà bá awọ jà, tí ara yóò sì máa yọ ìléròrò tí ń bẹ́, tí ń di egbò. Kò sí ìwòsàn fún un ní àkókò náà. Síbẹ̀, ó tún kọ ìwé pàtàkì kan lórí físíksì átọ̀mù, níbi tí ó ti ṣàlàyé ohun tí iná mànàmáná ń ṣe sí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí átọ̀mù ń tàn.

Wọ́n dá a padà sílé ní Oṣù Kẹta ọdún 1916. Ó kú ní Potsdam ní 11 Oṣù Karùn-ún, a sì sin ín sí Göttingen. Einstein ni ó sọ̀rọ̀ ìrántí rẹ̀ níwájú Akadẹ́mì ní oṣù tí ó tẹ̀lé e.

Bí ìṣirò náà ṣe di ihò dúdú

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú tí àwọn onímọ̀ fi ń wo ìwọ̀n Schwarzschild ni pé àbùkù inú ìṣirò ni. Ní ọdún 1939, Einstein fúnra rẹ̀ tẹ ìwé kan jáde láti fi hàn pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè wà. Ní ọdún kan náà, Robert Oppenheimer àti Hartland Snyder ṣírò ohun tí Schwarzschild kò ṣírò: ìràwọ̀ tí epo inú rẹ̀ ti tán, tí ó ń wó láìdúró. Wọ́n rí i pé yóò wọ inú ìwọ̀n náà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò sì dáwọ́ dúró láti dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1958, David Finkelstein fi hàn pé etí òbìrìkìtì náà kì í ṣe ògiri tàbí àbùkù, bí kò ṣe ẹnu ọ̀nà àwọlé-má-jàáde. Orúkọ náà ihò dúdú wá tàn kálẹ̀ lẹ́yìn tí John Wheeler lò ó ní ọdún 1967.

Ohun tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé àárín àwọn gálásì ni àwárí kan ní ọdún 1963. Maarten Schmidt rí i pé 3C 273, tí ó dà bí ìràwọ̀ lásán, wà ní nǹkan bí bílíọ̀nù 2 ọdún-ìmọ́lẹ̀ sí wa, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ju ti gálásì odindi lọ. Agbára tí ń mú ìràwọ̀ tàn kò lè ṣàlàyé èyí, nítorí kò tó 1 nínú 100 ìwúwo epo ìràwọ̀ tí ó ń di agbára. Ní ọdún 1964, Edwin Salpeter àti Yakov Zeldovich dábàá, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé gáàsì tí ń já sínú ihò dúdú ni orísun rẹ̀. Bí gáàsì náà ti ń yí ihò ká kí ó tó já sínú rẹ̀, ó ń fi ara gbo ara, ó ń gbóná, ó sì ń tàn. Ojútùú Schwarzschild ni a fi ń ṣírò ibi tí gáàsì kò ti ní lè yí ká mọ́, èyí tí ó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta rédíọ́sì náà. Kí ó tó dé ibẹ̀, nǹkan bí 6 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ ti di agbára. Bí ihò dúdú náà bá ń yí lójú kan, gẹ́gẹ́ bí ojútùú tí Roy Kerr rí ní ọdún 1963 ti fi hàn, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ní ọdún 1969, Donald Lynden-Bell sọ pé irú àwọn ihò bẹ́ẹ̀, tí oúnjẹ wọn ti tán, yóò wà ní àárín ọ̀pọ̀ gálásì.

Bí àwọn ihò dúdú arabaríbí ṣe ń dàgbà

Ohun tí ó ba Schwarzschild lọ́kàn jẹ́ nínú ìṣirò, ìyẹn fífún nǹkan pọ̀ kọjá ààlà, kò le tó bẹ́ẹ̀ fún ihò dúdú ńlá. Bí ìwúwo bá di ìlọ́po méjì, rédíọ́sì di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ààyè inú òbìrìkìtì náà di ìlọ́po mẹ́jọ. Nítorí náà, bí ihò dúdú bá ti tóbi sí i ni ó ń fúyẹ́ sí i ní ìfiwéra pẹ̀lú ààyè tí ó gbà. Ihò dúdú àárín gálásì M87 wúwo tó Òòrùn bílíọ̀nù 6.5. Bí a bá pín ìwúwo yìí sí ààyè tí rédíọ́sì rẹ̀ yí ká, kò ki tó afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú.

Ọ̀nà méjì ni ihò dúdú fi ń dàgbà nínú gálásì. Àkọ́kọ́ ni jíjẹ gáàsì. Ibí yìí ni agbára tí ìmọ́lẹ̀ ní láti ti nǹkan, tí Schwarzschild ṣírò fún ìrù kọ́mẹ́ẹ̀tì, ti padà wọlé: bí gáàsì tí ń já sínú ihò bá pọ̀ jù, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń tàn yóò máa ti gáàsì tí ń bọ̀ lẹ́yìn sẹ́yìn. Ìwọ̀n tí ààlà yìí wà ni a fi orúkọ Arthur Eddington pè. Ihò tí ń jẹun dé ààlà náà lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí 30 sí 40 mílíọ̀nù ọdún. Ọ̀nà kejì ni ìdàpọ̀: bí gálásì méjì bá kọlu ara wọn tí wọ́n di ọ̀kan, àwọn ihò àárín wọn lè rì sí àárín gálásì tuntun náà kí àwọn náà sì dàpọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ wọn ni àríyànjiyàn ṣì wà lé lórí. Bí ìràwọ̀ ńlá ìgbà ìwáṣẹ̀ bá kú, ó lè fi ihò tí ó wúwo tó Òòrùn 100 sílẹ̀. Ó gba irú ihò bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 24 láti di ìlọ́po méjì kí ó tó wúwo tó Òòrùn bílíọ̀nù 1.6, bí a bá fi mílíọ̀nù 35 ọdún fún ìgbà kọ̀ọ̀kan, ó ti ju mílíọ̀nù 800 ọdún lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2021 àwọn onímọ̀ kéde J0313-1806, ihò tí ó ti wúwo tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí àgbáálá ayé kò tíì ju ọmọ nǹkan bí mílíọ̀nù 670 ọdún lọ. Àkókò kò tó. Nítorí náà àwọn kan gbà pé àwọn ihò kan jẹun kọjá ààlà Eddington fún ìgbà díẹ̀. Àwọn mìíràn gbà pé ìkùukùu gáàsì odindi wó lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó sì bí ihò tí ó ti wúwo tó Òòrùn 10,000 sí 100,000 láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn tún ń wo ibi tí ìràwọ̀ ti fún pọ̀, tí wọ́n ń kọlu ara wọn títí wọ́n fi di ọ̀kan.

Ìdàgbà ihò àti ti gálásì so mọ́ra. Láti ọdún 2000 ni ó ti hàn pé bí eré àwọn ìràwọ̀ àárín gálásì bá ti pọ̀ tó ni ihò àárín rẹ̀ ń wúwo tó. Ìwúwo ihò náà sì sábà máa ń jẹ́ ìpín kan tàbí ìpín mélòó kan nínú 1,000 ìwúwo àwọn ìràwọ̀ tí ó ṣù jọ yí i ká. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ rí ìdí rẹ̀ nínú agbára tí ihò ń tú jáde bí ó ti ń jẹun: ó ń gbóná gáàsì gálásì, ó ń tì í jìnnà, ó sì ń tipa bẹ́ẹ̀ dín oúnjẹ tirẹ̀ àti ìbí ìràwọ̀ tuntun kù.

Ìfìdímúlẹ̀

Ní àárín gálásì tiwa, Ọ̀nà Wàrà, ihò dúdú kan wà tí ń jẹ́ Sagittarius A*, tí ó wúwo tó Òòrùn mílíọ̀nù 4. Rédíọ́sì Schwarzschild rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà mílíọ̀nù 12. Àwọn ikọ̀ tí Reinhard Genzel àti Andrea Ghez ṣíwájú tọ ipa àwọn ìràwọ̀ tí ń yí i ká fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì bá Roger Penrose pín Ẹ̀bùn Nobel ti físíksì ní ọdún 2020. Ọ̀kan nínú àwọn ìràwọ̀ náà, S2, ń yí i ká lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 16. Ní ọdún 2020 ni a kéde pé ipa ọ̀nà S2 ń yí díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti Mẹ́rkúríù, ní ìwọ̀n tí ojútùú ọdún 1916 sọ. Yíyí Schwarzschild ni a ń pè é.

Ní 10 Oṣù Kẹrin 2019, àwọn onímọ̀ Event Horizon Telescope fi àwòrán òjìji ihò dúdú M87 hàn fún gbogbo ayé. Ti Sagittarius A* tẹ̀lé e ní ọdún 2022, ní 12 Oṣù Karùn-ún, ọdún 106 àti ọjọ́ kan lẹ́yìn ikú Schwarzschild.

Ẹbí

Jámánì tí Schwarzschild fi ara rẹ̀ jì fún kò dá ẹbí rẹ̀ sí. Nígbà tí ìjọba Nazi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe inúnibíni sí àwọn Júù àti àwọn ọmọ wọn, Agathe lọ sí Bìrìtìkó, lẹ́yìn náà ó lọ sí New Zealand, níbi tí ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ èdè Gíríìkì àti Látìnì ní Yunifásítì Otago. Alfred, àbíkẹ́yìn, pa ara rẹ̀ ní ọdún 1944. Martin sá kúrò ní ọdún 1936, ó gba Nọ́wè lọ sí Amẹ́ríkà, ó wọ iṣẹ́ ọmọ ogun orílẹ̀-èdè náà nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì di atòràwọ̀ olókìkí ní Yunifásítì Princeton.

Ní ọdún 1979, Martin gbé ọ̀nà ìṣirò kan kalẹ̀ láti fi ìrìn àwọn ìràwọ̀ mọ bí ìwúwo ṣe pín nínú gálásì, ìbéèrè tí bàbá rẹ̀ ti fọwọ́ kàn ní ọdún 1907. Àwọn onímọ̀ ń lo ọ̀nà náà láti wọn ihò dúdú àárín gálásì. Ní ọdún 2011, òun ni wọ́n fi ṣírò pé ihò M87 wúwo tó Òòrùn bílíọ̀nù 6.6. Ọ̀nà mìíràn, tí ó lo ìrìn gáàsì, ti mú èsì tí ó kéré sí i wá. Nígbà tí àwòrán ọdún 2019 jáde, ìwọ̀n òjìji inú rẹ̀, tí ó wá láti inú ìṣirò bàbá, bá èsì tí a fi ọ̀nà ọmọ rí mu.

Ìrántí

Ibùdó ìwòràwọ̀ Karl Schwarzschild wà ní Tautenburg, lẹ́bàá ìlú Jena. A dá a sílẹ̀ ní ọdún 1960. Ẹgbẹ́ àwọn atòràwọ̀ Jámánì ń fúnni ní àmì ẹ̀yẹ Karl Schwarzschild, Martin ọmọ rẹ̀ sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbà á ní ọdún 1959. Kòtò kan lórí òṣùpá àti òkúta ojú ọ̀run kan, 837 Schwarzschilda, náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.